A Kì í Dán Epo Ọmọ Ìyá Wò

Ẹ̀wà tí Táwà gbé kaná kí ilẹ̀ tó mọ́ kò tíì rọ̀ nígbà tí oòrùn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èédú ló fi ń sè é. Kẹrosíìnì kò wọ yàrá rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí iná ti jó Moyọ̀sọ́lá, ọmọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá a sọ ọ́. Èéfín kún ilé. Àwọn ayálégbé tó kù ń wúkọ́ nínú yàrá wọn, wọ́n ń kùn, ṣùgbọ́n ojú ń tì wọ́n láti jáde wá bá a jà.

"Ìyá Moyọ̀, ẹ̀wà yìí ò ní í jinná lónìí o," ni Ìyá Awwal, tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwọn, sọ láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ bẹ ìjọba alágbádá, bóyá wọn á bá yín fẹ́ ẹ."

"Ẹnu ni wọ́n fi ń fẹ́ tiwọn," ni Táwà dáhùn.

Nínú rédíò Ìyá Awwal, ọkùnrin kan ń sọ pé kẹrosíìnì pọ̀ yanturu káàkiri, pé àwọn ọ̀tá tiwa-n-tiwa ló ń pariwo ọ̀wọ́n. Ìyá Awwal ti lọ tò sílé epo kan ní Onípánù lánàá títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, gálọ́ọ̀nù òfìfo ló gbé bọ̀. Ó pa rédíò náà.

Gbádégẹṣin, ọkọ Táwà, jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ń ṣe ní Ṣómólú, dúdú tàdáwà kì í sì í kúrò ní èékánná rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, kì í sí nílé mọ́ ní irú àkókò yìí. Ó dúró, ó wo ẹ̀wà, ó wo ògiri.

"Ẹ ò lọ síbi iṣẹ́?" ni Táwà béèrè.

"Bàbá Ikúmápàyí ń bọ̀ wá kí wa lọ́sàn-án."

Bàbá Ikúmápàyí ni àgbà ẹbí Gbádégẹṣin. Òun ló gba Táwà lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ nígbà ìgbéyàwó.

"Àwọn nìkan?"

Gbádégẹṣin fi èékánná họ ògiri. "Wálé á tẹ̀ lé wọn."

Abẹ̀bẹ̀ dúró lọ́wọ́ Táwà. Ọmọ́wálé, ọmọ ìyá Gbádégẹṣin, ni wọ́n ń pè ní Wálé. Kẹrosíìnì ló ń tà ní ìkóríta kan ní Bàrígà, kò sì jìnnà sí wọn. Síbẹ̀, láti ọjọ́ iná yẹn, kò tẹ ẹnu ọ̀nà wọn.

"Kí ló fẹ́ wá ṣe?"

"Ó fẹ́ wá bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti ń dun ọmọ náà tipẹ́."

"Ibo ló ti ń dùn ún? Gbogbo ìgbà tí Moyọ̀ fi sùn ní ọsibítù, kò débẹ̀."

"Ojú ń tì í ni."

"Ojú," ni Táwà wí. "Ojú yẹn náà ló tì yín lọ́jọ́sí."

"Ṣó tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn?"

"Kò tíì dáwọ́ dúró rí. Gbogbo obìnrin àdúgbò yìí ló ń da kẹrosíìnì díẹ̀ sórí iyanrìn kó tó gbé e wọlé. Wọ́n á ṣáná sí i. Bó bá rọra jó, kẹrosíìnì ni. Bó bá fò sókè, wọ́n ti po pẹtiróòlù mọ́ ọn. Èmi náà ń ṣe é. Lọ́jọ́ yẹn mo ti mú ìṣáná dání, mo ti bu ìdérí kan jáde nínú kẹ́ẹ̀gì tí Bọ̀dá Wálé gbé wá. Ta ló pè mí padà?"

Gbádégẹṣin tún fi èékánná họ ògiri.

"Ẹ ní, 'Àbúrò mi jókòó síbí, ò ń dán epo rẹ̀ wò lójú rẹ̀, ṣé o fẹ́ pè é lólè ni?' Ẹ ní a kì í dán epo ọmọ ìyá wò. Mo sì kúnlẹ̀ mo tọrọ àforíjì. Èmi! Mo kúnlẹ̀ fún kẹ́ẹ̀gì."

"Mo ti gbọ́, Táwà."

"Ẹ kàn ń gbọ́ ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ iná padà. Kí ọ̀rọ̀ iná yẹn tó dé, 'ìwọ' ló máa ń pe ọkọ rẹ̀ bí àwọn méjèèjì nìkan bá wà, nítorí ọ̀rẹ́ ni wọ́n kí wọ́n tó di tọkọtaya. Ní báyìí, 'ẹ̀yin' ni, bí ìgbà téèyàn bá ń bá onílé sọ̀rọ̀.

Nígbà tó lọ fa omi, ó bá Ìyá Awwal ní ẹnu kànga ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Awwal wo ọ̀tún, ó wo òsì, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

"Ṣé ẹ ti gbọ́ pé àbúrò ọkọ yín fẹ́ gbéyàwó?"

"Èwo nínú wọn?"

"Wálé elépo náà ni. Leah lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ará Ìlàjẹ etí omi. Ìyá rẹ̀ wá síbí lánàá, ó gbé abọ́ ẹja yíyan lérí bí ẹni ń kiri. Ẹja kọ́ ló wá tà. Ìwádìí ló ń ṣe."

Táwà gbé okùn kalẹ̀. "Kí lẹ sọ fún un?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ó béèrè iná tó jó Moyọ̀, mo sì sọ ohun tí gbogbo wa mọ̀."

"Kí lẹ mọ̀?"

Ìyá Awwal ju páìlì sínú kànga, kó má baà wò ó lójú. "Pé ẹ̀yin lẹ da kẹrosíìnì sínú sítóòfù tó ń jó lọ́wọ́. Ẹ má bínú o. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Bàbá Moyọ̀ fúnra wọn ló sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, níbi tá a dúró sí yìí gan-an."

Táwà mọ̀ pé ó sọ ọ́. Ìgbà tó fi máa ti ọsibítù dé, irọ́ náà ti jókòó nínú ilé bí ayálégbé tuntun. Àwọn obìnrin ń kí i pẹ̀lẹ́ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ó retí pé ọkọ òun yóò tún un sọ. Kò tún un sọ. Ta ni yóò wá pe ọkọ rẹ̀ ní òpùrọ́ lẹ́nu kànga?

"Obìnrin náà ní òun ń padà bọ̀ lónìí," ni Ìyá Awwal fi kún un. "Ó ní ẹnu yín gan-an lòun ti fẹ́ gbọ́ ọ."

"Ẹn-ẹ́n," ni Táwà wí. Ó gbé omi rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ní ń bọ̀ lọ́sàn-án ti yé e wàyí.

Nínú yàrá, Moyọ̀sọ́lá ń ká aṣọ pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ìka mẹ́ta ti lẹ̀ mọ́ra ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ òsì ló sì fi ń kọ́ ìwé kíkọ báyìí bí ọmọ jẹ́léósinmi. Aṣọ alápá gígùn ló wọ̀ nínú ooru yẹn.

"Àbúrò bàbá ẹ ń bọ̀," ni ìyá rẹ̀ sọ fún un. "Bó o bá fẹ́, lọ jókòó lọ́dọ̀ Ìyá Awwal."

Ọmọ náà rò ó. "Kí ló dé tó jẹ́ èmi ni màá jáde?"

Táwà mú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ó lọ wo ẹ̀wà rẹ̀.

Wọ́n dé lọ́sàn-án gangan. Bàbá Ikúmápàyí ló ṣíwájú, Ọmọ́wálé tẹ̀ lé e pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ búlúù kan tó kún dé ọrùn. Gbogbo ojú tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló tẹ̀ lé kẹ́ẹ̀gì náà wọlé. Irú ọ̀wọ́n tó wà níta yẹn, bí wọ́n bá gbé màlúù wá, wọn ò lè wò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ kú àlejò o," ni Ìyá Awwal kí wọn. Kẹ́ẹ̀gì ló ń wò.

Ọmọ́wálé gbé kẹ́ẹ̀gì sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá Ikúmápàyí jókòó sórí àga tìmùtìmù kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe sí èjìká.

"Ìyàwó wa," ló bẹ̀rẹ̀, "gbólóhùn kan ní í ba ọ̀rọ̀ jẹ́, gbólóhùn kan náà ní í tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ahọ́n àti eyín ń jà, wọn ò sì yéé gbé ẹnu kan náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ dùn wá. Àmọ́ àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Moyọ̀sọ́lá, tó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀ bo ìka. Ojú Bàbá Ikúmápàyí bọ́ sí i lára, ó sì gbé ojú náà kúrò kíákíá. Wọ́n ń gbọ́ bí ẹ̀wà ṣe ń hó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ tún un sọ, Bàbá," ni Táwà wí. "Ọmọ náà ò gbọ́ ọ dáadáa."

"Táwà!" ni Gbádégẹṣin ké.

"Fi í sílẹ̀," ni bàbá àgbà wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ẹni tí nǹkan ń dùn ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ́wálé, bẹ ìyàwó wa."

Ọmọ́wálé bẹ̀bẹ̀. Ó mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Ó ní òun kì í sùn lóru. Ó ní ojú ọmọ náà kò kúrò lójú òun. Ó ní òun ti yí padà, òun ò bá àwọn tó ń po epo da nǹkan kan pọ̀ mọ́. Ó sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi lé ròrò sójú Gbádégẹṣin. Táwà dúró dè é títí ó fi parí.

"Ṣé ìyá Leah ló ní kẹ́ ẹ wá?" ló béèrè.

Ọmọ́wálé wo bàbá àgbà. Bàbá àgbà wo Gbádégẹṣin. Gbádégẹṣin wo ilẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ìyàwó yàtọ̀," ni Bàbá Ikúmápàyí wí níkẹyìn. "Àwọn ará Ìlàjẹ lè yà sọ́dọ̀ rẹ. Bí wọ́n bá yà, ọ̀rọ̀ rere ni ká gbọ́ lẹ́nu rẹ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

"Ìyá Moyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba kẹ́ẹ̀gì yìí," ni Ọmọ́wálé sáré sọ. "Kẹrosíìnì gidi ni. Ẹ jẹ́ kí èéfín èédú yìí sinmi. Mo fi ẹ̀mí mi sọ ọ́."

Táwà dìde. Ó kọjá sí òdìkejì, ó yá sítóòfù Ìyá Awwal tó ti gbẹ láti ọjọ́ wọ̀nyí, ó gbé e sí àárín yàrá níwájú Ọmọ́wálé. Ó fi páálí ìṣáná lé e lórí.

"Ẹ dà á sí i, Bọ̀dá Wálé. Kẹ́ ẹ sì ṣáná sí i. Níbí."

Ọmọ́wálé rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó da epo díẹ̀ sínú sítóòfù, ó mú ìṣáná. Ó wo kọ́tìnnì. Ó wo bẹ́ẹ̀dì. Ó wo Moyọ̀sọ́lá tó ti dìde, tó fẹ̀yìn ti ògiri. Òógùn yọ sí imú rẹ̀. Ó yọ ẹyọ ìṣáná kan, kò ṣá a.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e síta ná," ló wí. "Ká kọ́kọ́ dán díẹ̀ wò lórí iyanrìn."

Gbádégẹṣin gbé orí sókè. "Kí lo sọ?"

"Bọ̀dá mi, mo ní ká kọ́kọ́ dán an wò."

"Epo tìẹ?"

"Ọwọ́ àwọn onítáńkà ni mo ti ń rà á. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dà á. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ohun tí wọ́n bá gbé wá náà ni mo ń tà."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀mí ẹ sọ ọ́."

Ọmọ́wálé dá ẹyọ ìṣáná náà padà sínú páálí.

"A kì í dán epo ọmọ ìyá wò," ni Táwà wí jẹ́ẹ́. "Àbí wọ́n ti yí i padà?"

Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì síta. Ọmọ́wálé da díẹ̀ sórí iyanrìn, ó sún sẹ́yìn, ó ju ìṣáná sí i. Iná náà lọ́ra. Ó rá pálá lórí iyanrìn, ó jó pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú èéfín dúdú, bí kẹrosíìnì tòótọ́ ṣe ń jó.

"Ojúlówó ni o!" ni Ìyá Awwal pariwo, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù fún mi níbẹ̀."

"Ṣé o rí i, ìyàwó wa?" ni Bàbá Ikúmápàyí wí, ara rẹ̀ sì yá gágá. "Ṣé o rí i pé ó dáa?"

"Mo rí i, Bàbá. Òun ni kò mọ̀ pé ó dáa."

Ibi tí wọ́n dúró sí ni ìyá Leah ti bá wọn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òórùn ẹja yíyan wà lára aṣọ rẹ̀, ó sì gbé abọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rín kún ẹnu bàbá àgbà lójú ẹsẹ̀. Ó kí i, ó mú un wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn, torí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti kún fún etí.

Ìyá Leah jókòó sórí àpótí. "Ẹ má bínú o. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn ún sọ. Ohun kan ni mo wá béèrè, màá sì máa lọ. Iná tó jó ọmọ yín, báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?"

"Àmúwá Ọlọ́run ni," ni Bàbá Ikúmápàyí dá a lóhùn.

"Bàbá, ẹ̀yin kọ́ ni mo bi." Ó kọjú sí Táwà. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ da epo sínú sítóòfù tó ń jó lọ́wọ́."

Táwà lè sọ ọ́. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Moyọ̀ ló sọ ọ́ fáwọn ará ilé. Ẹ jẹ́ káwọn náà sọ fún yín."

Gbádégẹṣin la ẹnu. Bàbá Ikúmápàyí húkọ́, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

"Sítóòfù yẹn..." ni Gbádégẹṣin bẹ̀rẹ̀.

Moyọ̀sọ́lá gbé omi wá fún àlejò, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé ife, nítorí ọwọ́ ọ̀tún nìkan kò lè dì í mú mọ́. Ọwọ́ aṣọ fà sẹ́yìn. Omi ń mì nínú ife. Ìyá Leah rí ọwọ́ náà, òun náà sì fi ọwọ́ méjèèjì gba omi. Gbádégẹṣin ń wò wọ́n.

"Kì í ṣe sítóòfù," ló wí. "Ìyàwó mi ò da epo sí iná. Epo náà ni kò dáa. Wálé ló gbé e wá. Ìyàwó mi fẹ́ dán an wò, èmi ni mo ní kò gbọdọ̀ dán an wò. Nígbà tí iná jó ọmọ, mo ní ìyàwó mi ló fà á."

"Bọ̀dá mi!" ni Ọmọ́wálé ké.

Bàbá Ikúmápàyí ti dìde. "Gbádégẹṣin! O ta ọmọ ìyá ẹ lójú àna?"

"Ọmọ mi ni mo ti tà tẹ́lẹ̀, Bàbá."

Ìyá Leah mu omi rẹ̀ tán kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó bi Ọmọ́wálé bóyá ó lọ wo ọmọ náà ní ọsibítù. Ọmọ́wálé ní ojú ń ti òun. Ìyá Leah mi orí, ó tún yí sí Táwà.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Irú èèyàn wo lẹ máa pè é?"

Gbogbo wọn dúró de ẹnu rẹ̀. Bó bá ní èèyàn burúkú ni, ó tán nìyẹn. Bó bá ní èèyàn dáadáa ni, irọ́ tuntun ló bẹ̀rẹ̀.

"Ó ti ń dán epo wò," ni Táwà wí. "Òní ló bẹ̀rẹ̀."

"Mo dúpẹ́," ni ìyá Leah wí. "Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni màá ṣe sọ ọ́ fún Leah. Òun ló máa bá a gbé." Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ.

Àwọn méjì tó kù kò pẹ́ níbẹ̀. Bàbá Ikúmápàyí kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀. Ọmọ́wálé dúró díẹ̀ níwájú Moyọ̀sọ́lá, bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan. Ọmọ náà ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ́wálé lọ láìsọ ọ́, ó sì fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ níta. Kí wọ́n tó dé ìkóríta, Ìyá Awwal ti bu tirẹ̀.

Ẹ̀wà jinná nírọ̀lẹ́. Táwà bu ti ọkọ rẹ̀ sínú abọ́, ó da epo pupa àti gààrí sí i, ó gbé e fún un. Gbádégẹṣin jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó dà bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ṣó ti tán báyìí, Táwà?"

"Kí ló tán?"

"Ọ̀rọ̀ náà. Mo ti sọ ọ́."

"Inú yàrá lẹ ti sọ ọ́, a sì ti ilẹ̀kùn. Ẹnu kànga lẹ ti purọ́."

Gbádégẹṣin yọjú lójú fèrèsé. Àwọn obìnrin ilé ti pé sí ẹnu kànga pẹ̀lú páìlì wọn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nírọ̀lẹ́. Ẹ̀rín Ìyá Awwal ló ń ròkè jù.

"Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀," ló wí.

"Lọ́jọ́ yẹn náà, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀."

Gbádégẹṣin gbé síbí kalẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ títí òkè ẹ̀wà náà fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, ó wọ bàtà, ó bọ́ ọ, ó sì jáde láìwọ̀ ọ́. Táwà kò wò ó lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú àdògán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fẹ́ èédú tó kù láti fi gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kaná. Moyọ̀sọ́lá wá dúró tì í.

Láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gbọ́ ohùn Ìyá Awwal. "Ẹ kú àbọ̀ o, Bàbá Moyọ̀! Àbí ẹ fẹ́ fa omi ni? Ayé ti dàrú!" Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Ohùn ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, ó ń kùn bí ẹni tí eyín ń dùn.

Táwà dá abẹ̀bẹ̀ dúró, ó dẹtí sílẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dìde, ó lọ sí ojú fèrèsé.

"Ẹ gbóhùn sókè díẹ̀, Bàbá Moyọ̀," ló ké. "Èmi àti ọmọ yín ò gbọ́."